Ọjọ́ Ẹni Mímọ́ ní Ilé Àgùdà

Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà kì í ṣe ọjọ́ lásán nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Amukòkò. Kí oòrùn tó yọ ní ọjọ́ náà, ìyá mi á ti dé láti ilé búrẹ́dì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ méjì. Wọn á gbé búrẹ́dì náà sí iwájú ère Anthony Mímọ́ tí ó wà lórí tábìlì kékeré kan, wọn á tan àbẹ́là, wọn á sì kúnlẹ̀ gbàdúrà. Bí wọ́n bá ti dìde, iṣẹ́ kàn àwa ọmọ. Àwa ni a óò pín búrẹ́dì náà láti yàrá dé yàrá nínú ilé oníyàrá mẹ́rìnlá tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, kí á tó jáde sí àdúgbò. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ́, Urhobo àti Ègùn ni wọ́n ń gbé ilé náà, kò sì sí ẹni tí a fò dá. Ìyá mùsùlùmí tí yàrá wọn kọjú sí tiwa a máa pe búrẹ́dì náà ní sàárà. Baba Ègùn kan ní ó jọ ohun tí àwọn ń ṣe fún ìbejì nílé àwọn. Ìyá mi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣáà jẹ ẹ́."

Ní 1994 ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àbúrò mi obìnrin ti dara pọ̀ mọ́ ìjọ tuntun kan. Ó ti ìsìn àṣálẹ́ dé ní ọjọ́ kan, ó gbé ère náà, ó sì jù ú sínú gọ́tà iwájú ilé. Ó ní òrìṣà ni ìyá wa ń bọ, àti pé òun ni ó fà á tí ọ̀nà wa kò fi là. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú gọ́tà, wọ́n mú ère náà jáde, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi gèlè wé e pẹ̀lú orí rẹ̀ tí ó ti kán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí èmi tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá fún oyè ẹ̀kọ́ kejì nígbà náà. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, ṣé òrìṣà ni mò ń bọ?" N kò rí èsì fọ̀. Àròkọ yìí ni èsì tí mo jẹ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ tí Yorùbá sọ ìjọ Kátólíìkì kò ti Róòmù wá. Ìjọ Àgùdà ni à ń pè é. Àgùdà sì ni orúkọ tí àwọn ará Èkó fún àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil, àwọn àti ọmọ wọn tí wọ́n padà wálé. Àwọn onímọ̀ kan so ọ̀rọ̀ náà mọ́ Ajudá, orúkọ tí àwọn Potogí ń pe ìlú Ouidah ní ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n kọ́ odi tí wọ́n sọ ní orúkọ Jòhánù Onítẹ̀bọmi sí ní 1721. Èyí ó wù kí ó jẹ́, orúkọ náà jẹ́rìí sí ohun kan tí a máa ń gbàgbé: kì í ṣe àlùfáà òyìnbó ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀sìn Kátólíìkì wọ Èkó, ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí ni.

Ní oṣù kìíní 1835, àwọn ẹrú mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde ọ̀tẹ̀ ní Bahia. Ọ̀tẹ̀ náà kò kẹ́sẹ járí, ìjọba ibẹ̀ sì fi ojú àwọn adúláwọ̀ tí ó ti gba òmìnira rí màbo. Wọ́n lé àwọn kan jáde ní ìlú. Ọ̀pọ̀ mìíràn sì fi owó ara wọn wọ ọkọ̀ padà sí ilẹ̀ baba wọn. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1886, wọ́n ti tó nǹkan bí 3,000 ní Èkó. Agbègbè Campos, Bámgbóṣé àti Tòkunbọ̀ ni wọ́n kọ́lé sí. Bírí̀kìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà níbẹ̀, aránṣọ àti oníṣòwò wà níbẹ̀. Orúkọ wọn ni da Silva, Pereira, da Rocha, Martins. Inú ọ̀kan nínú àwọn agboolé wọ̀nyí ni wọ́n ti bí ìyá ìyá mi.

Nígbà tí Francesco Borghero, àlùfáà ọmọ Ítálì tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ SMA, dé Èkó ní 1863, ó bá ìjọ nílẹ̀. Ẹni tí ó ń darí wọn ni ẹrú kan tí ó ti gba òmìnira, tí ó sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Bahia. Padre Antonio ni wọ́n ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba oyè àlùfáà rí. Òun ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà, tí ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, tí ó sì ń sin òkú wọn. Ní 1868 ni Pierre Bouche, àlùfáà ọmọ Faransé, tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìjọ tí kò ní àlùfáà kò lè ní Mísà. Kí ni wọ́n wá fi gbé ìgbàgbọ́ wọn ró? Àdúrà ni, orin ni, ìsìnkú ni, àti ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́. Ẹni tí kò ní ìwé àti àlùfáà lè mọ̀ pé òní ni ọjọ́ Anthony, pé ọ̀la ni ọjọ́ Jòhánù. Kàlẹ́ńdà ni ilé ìjọsìn wọn kí wọ́n tó ní ilé ìjọsìn.

Anthony tí orúkọ rẹ̀ gbilẹ̀ láàrin Àgùdà yìí, ọmọ ìlú Lisbon ní ilẹ̀ Potogí ni. A bí i ní nǹkan bí 1195. Ó kú ní ẹ̀bá ìlú Padua ní Ítálì ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 1231. Kò pé ọdún kan tí Póòpù fi kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Àwọn Potogí gbé e lọ sí gbogbo ibi tí ọkọ̀ wọn dé. Àwọn onígbàgbọ́ sì ń ké pè é bí wọ́n bá sọ nǹkan nù. Ní Bahia, ọ̀ràn tirẹ̀ tún yàtọ̀: ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ọmọ ogun, wọ́n fi í jẹ oyè ológun, wọ́n sì ń san owó oṣù sí orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ Ògún tí wọ́n wà lóko ẹrú wo ẹni mímọ́ tí ó di jagunjagun yìí, wọ́n ní ará ilé àwọn nìyí. Títí di òní, àwọn olórìṣà Bahia so Ògún mọ́ Anthony.

Òun nìkan kọ́. Ọjọ́ Barbara Mímọ́, ọjọ́ 4 oṣù kejìlá, ni àwọn ọmọ Ọya ń wọ aṣọ pupa. Jésù Olúwa tí wọ́n ń pè ní Senhor do Bonfim, tí wọ́n gbé ère rẹ̀ dé Bahia ní 1745, ni wọ́n so mọ́ Ọbàtálá. Ní oṣù kìíní ọdún, àwọn obìnrin á wọ aṣọ funfun, wọ́n á ru omi lọ fọ àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn rẹ̀. Cosmas àti Damian, àwọn oníṣègùn méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì, di Ìbejì. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, àwọn ará Bahia a máa se ọbẹ̀ ilá alépo, àwọn ọmọdé méje ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí àgbà tó fọwọ́ kan án. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní mọ̀ pé ẹ̀wà ìbejì ni ó sọdá òkun?

Àwọn tí wọ́n padà wálé kó nínú àjọ̀dún wọ̀nyí bọ̀. Ní Porto-Novo, ọmọ ọmọ Àgùdà ń ṣe ọdún Bonfim ní oṣù kìíní títí di òní: wọ́n á gba Mísà tán, wọ́n á gbé eégún Bourian jáde pẹ̀lú ìlù. Ní Èkó, Meboi, eégún onírìísí màlúù, jẹ́ ti Campos. Ìlú Brazil ni òun náà ti bá wọn wálé.

Bí a bá dé ibí yìí, òǹkàwé lè bi mí pé: ǹjẹ́ àbúrò rẹ kò jàre? Bí Ògún bá lè jókòó sábẹ́ aṣọ Anthony, kí ni ó wá kù? Ìbéèrè gidi ni, n kò ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹrú fi ọjọ́ ẹni mímọ́ ṣe agboòrùn fún òrìṣà wọn. Òtítọ́ sì ni pé àwọn mìíràn gba méjèèjì tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò kí á tó dájọ́: ibi tí àṣà náà ti ṣẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é.

Àṣà náà ti wà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ Brazil. Ní nǹkan bí 155, wọ́n dáná sun Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù arúgbó, ní Smyrna, ìlú tí ó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ṣa eegun rẹ̀ jọ, wọ́n sì kọ̀wé sí ìjọ mìíràn pé àwọn yóò máa péjọ síbi tí àwọn tọ́jú rẹ̀ sí ní ọdọọdún, láti fi ayọ̀ ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pa á ni wọ́n pè ní ọjọ́ ìbí. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé ọjọ́ ikú ni ọjọ́ ọdún fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹni mímọ́. Nígbà tí àwọn tí wọ́n kú fún ìgbàgbọ́ pọ̀ ju ọjọ́ inú ọdún lọ, wọ́n wá ọjọ́ kan fún gbogbo wọn lápapọ̀. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni ó wá di tiwọn ní ìwọ̀-oòrùn ayé láti ọ̀rúndún kẹsàn-án. Ìdílé ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ pàdánù baba, wọ́n sì kọ̀ láti gbàgbé ọjọ́ náà.

Ti ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é ni ó kan èmi olùkọ́ èdè jù. Ní 787, àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Nicaea lórí ìjà ère tí ó ti da ìjọ ìlà-oòrùn rú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ya ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì sọ́tọ̀. Latreia ni ìsìn tí ó tọ́ sí Ọlọ́run nìkan. Proskynesis ni kí ènìyàn tẹrí ba tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀. Èyí ni a lè ṣe níwájú ère, nítorí pé ọ̀wọ̀ náà ń kọjá lọ bá ẹni tí ère dúró fún. Nígbà tí ìpinnu yìí dé ààfin Charlemagne, ọba àwọn Frank, ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìnì kò péye. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, adoratio, ni ó bo ohun tí àwọn Gíríìkì fara balẹ̀ yà sọ́tọ̀. Ó wá dàbí ẹni pé wọ́n ní kí á máa sin ère bí a ti ń sin Ọlọ́run. Inú bí àwọn ọ̀mọ̀wé ààfin, wọ́n sì ta ko ìpinnu náà ní Frankfurt ní 794. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, ilé wa ní Amukòkò ni mo rí. Ògbufọ̀ kan ṣi ọ̀rọ̀ lò, ìjọ méjì sì dojú kọ ara wọn.

Èdè Yorùbá kò tòṣì ní ti ọ̀rọ̀ yìí. À ń sin Ọlọ́run. À ń bọ òrìṣà. À ń júbà àgbà. À ń dọ̀bálẹ̀ fún baba, à ń kúnlẹ̀ fún ìyá. À ń ṣe ìrántí òkú. Kò sí ẹni tí yóò rí ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú baba rẹ̀ tí yóò ní ó ń bọ ọ́. Bọ ní ìlànà tirẹ̀: òrìṣà ni ó ni ẹbọ, bí àwọn ènìyàn tilẹ̀ bá a jẹ nínú rẹ̀. N kò sọ èyí láti fi gan òrìṣà; iṣẹ́ mi kò gbà mí láyè, ọkàn mi kò sì gbà mí láyè. Mo ń sọ ọ́ kí á lè pe nǹkan kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀. Ní ìgbà kan, kí ère náà tó fọ́, mo bi ìyá mi pé kí ni wọ́n máa ń sọ bí wọ́n bá kúnlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. Wọ́n ní, "Mo ń ní kí wọ́n bá mi bẹ Ọlọ́run ni. Bí mo bá fẹ́ rí ọ̀gá bàbá yín ní wọ́ọ̀fù, ṣé n kò ní í wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni?"

Gbogbo ẹ̀kọ́ Nicaea wà nínú gbólóhùn obìnrin tí ó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Boundary. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ ní ààfin a máa wá ẹni tí ó sún mọ́ ọba. Kì í ṣe ẹni náà ni yóò dá ẹjọ́, òun gan-an sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìjọ fúnra rẹ̀ kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá 1963, àpérò Vatican Kejì gbé ìwé jáde lórí ìsìn, ó sì kì wọ́n nílọ̀ pé ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ kò gbọdọ̀ borí àjọ̀dún tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ ìgbàlà Olúwa. Ní 1969, Póòpù Paul Kẹfà tún kàlẹ́ńdà tò. Wọ́n yọ Barbara àti Christopher kúrò nínú èyí tí ó kan gbogbo ayé, nítorí pé ìtàn wọn kò ní ẹ̀rí tí ó tó. Ṣùgbọ́n aṣọ pupa kò kúrò lójú pópó Bahia ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá. Àṣẹ lè ti òkè wá. Ìrántí kì í sábà ti òkè wá.

Ní Amukòkò, mo fi ojú mi rí bí kàlẹ́ńdà ti ń gba àlejò. Èbúté Àpápá ni ó fa àwọn baba wa wá sí agbègbè yìí láti ìlú oríṣiríṣi, olúkúlùkù sì gbé ẹni mímọ́ tirẹ̀ dání. Àwọn àlùfáà ọmọ Ireland ti mú Patrick àti ọjọ́ 17 oṣù kẹta wá. Ẹ̀yin ará Èkó mọ ilé ẹ̀kọ́ St. Finbarr's ní Àkọkà. Ẹni mímọ́ ìlú Cork ni Finbarr í ṣe. Fún ìgbà pípẹ́, ojú òyìnbó ni gbogbo ère inú ìjọ wa. Ní 1964 ni Póòpù kéde àwọn ọmọ Uganda 22, Charles Lwanga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọba wọn pa láàrin 1885 sí 1887. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1998, Póòpù John Paul Kejì wá sí Ọba lẹ́bàá Onitsha, ó sì kéde Cyprian Michael Iwene Tansi, ọmọ Aguleri, ní ẹni ìbùkún. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ipò yìí. Ọjọ́ 20 oṣù kìíní, ọjọ́ tí ó kú ní Leicester ní 1964, ni ọjọ́ tirẹ̀. Mo rántí pé aládùúgbò wa kan tí ó jẹ́ Ìgbò gbé àwòrán Tansi wá fi han ìyá mi. Ìyá mi tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní, "Èyí jọ ẹni tí a mọ̀." Ọdún mẹ́rin ti kọjá nígbà náà tí tábìlì kékeré náà ti wà lófìfo. Ìyá mi kò ra ère mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ọdún kan tí wọn kò ra búrẹ́dì.

Èsì mi nìyí, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìyá mi ń ṣe, kí ó má wo ère. Kí ó tẹ̀lé búrẹ́dì náà. Ta ni ó jẹ ẹ́? Ère kò jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ mùsùlùmí jẹ nínú rẹ̀, ọmọ Ègùn jẹ nínú rẹ̀, ọmọ páítọ̀ tí ó ń wàásù ta kò wọ́n jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹni mímọ́ kú, ó fi ọjọ́ kan sílẹ̀, àwọn aláàyè sì ń fi ọjọ́ náà bọ́ ara wọn.

Ìyá mi papò dà ní 2009. Àbúrò mi ni ó ni ilé báyìí, ó sì wà nínú ìjọ rẹ̀ síbẹ̀. Ó ti gbé àwòrán ìyá wa tí ó tóbi kọ́ sí pálọ̀, ó fi òdòdó yí i ká. Ní ọdọọdún, bí ọjọ́ tí wọ́n kú bá ti pé, ó máa ń pè wá jọ, a ó gbàdúrà, a ó sì fún àwọn ọmọ àdúgbò ní búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ní ọdún tí ó kọjá, kí àwọn ọmọ tó dé, mo bá a níwájú àwòrán náà tí ó ń fi aṣọ nu eruku ara rẹ̀. Kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. Ó ní, "Màámi, ẹ má gbàgbé wa o."

Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. N kò sọ ọ́. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àkọ́kọ́.